Agbéko àti Ẹsẹ̀ Kámẹ́rà Tó Fúyẹ́ Bí Ìyẹ́

Bí ẹ bá dé ìlú Kpalimé tí ẹ bèèrè Agbéko ayafọ́tò, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Èwo nínú wọn? Èyí tó ń ya fọ́tò ni, àbí èyí tó ń ru irin?" Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Agbéko fúnra rẹ̀ ló dá àwàdà yìí sílẹ̀, torí ó ti rí i pé ẹni tó bá tètè fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín ti gba ẹran lẹ́nu àwọn tó kù.

Irin tí à ń wí yìí ni ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀, èyí tí àwọn ayafọ́tò ń pè ní sítáàndì: ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń là sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé lórí kó má baà mì. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń ṣíwọ́ iṣẹ́, ọ̀gá náà sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gbé e lé e lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ohun tó pa ọ̀gá lẹ́rìn-ín tó yé Agbéko. Irin náà wúwo bí àgbò ọdún. Bó bá gbé e lé èjìká ọ̀tún, tòsì á gòkè. Bó bá gbé e lé tòsì, tọ̀tún á gòkè. Ìyàwó rẹ̀, Dzigbodi, máa ń sọ pé bí ọkọ òun bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, òun kì í wojú, èjìká ni òun fi ń dá a mọ̀.

Agbéko kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n a ò lè pè é ní alágbára. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nígboro. Àwọn tó ń gbin kọfí àti kòkó lórí àwọn òkè Kouma ló ń pè é jù: ọmọ fẹ́ gba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń sìnkú bàbá àgbà, wọ́n ń fi ọmọ fọ́kọ. Orí òkè ni gbogbo wọn. Agbéko a máa sọ pé Ọlọ́run ló ń bá òun jà tí kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìnáwó ní ibi tó tẹ́jú.

Lọ́dún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ hán. Ó lọ ya fọ́tò ní ìjọ kan lókè Kouma. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé irin, kò sì lè nàró mọ́. Ó tẹ̀ kọ̀dọ̀rọ̀ síwájú pẹpẹ, ó ń mí hẹlẹ, àwọn ìyá ìjọ sì rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti dá orin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn, àwọn ọkùnrin dìde láti gbé e lọ sídìí ọkọ̀. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé.

"Èmi ńkọ́?" ni Agbéko bèèrè nílẹ̀ tó wà.

"Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn. "Wọ́n lè jí irin gbé. Ta ló máa jí ẹ̀yin gbé?"

Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá mọ bẹ́ẹ̀, Agbéko ì bá ṣì máa ru irin rẹ̀ títí dòní, nítorí ahun ni, òun náà kò sì sẹ́ ẹ. Ilé àna rẹ̀ ni ohun tó lé e dìde ti wá.

Ìyá Dzigbodi, Màmá Ablavi, ń gbé abúlé kan lórí òkè Danyi. Nínú yàrá àlejò màmá yìí, fọ́tò ìdílé bo ògiri látòkè délẹ̀, Agbéko ló sì ya gbogbo wọn. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Dzigbodi wà níbẹ̀ tó pọn ọmọ. Dzigbodi wà níbẹ̀ tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Dzigbodi wà níbẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó dá dúró, ó fajú ro. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò sí ibi tí ojú ọkọ hàn lára ògiri yẹn.

Lọ́jọ́ kan ni Màmá Ablavi pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Ó ní aṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìntì, Ọ̀gá Tengué, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí abúlé wọn, wá kí òun. Ọkùnrin náà wo fọ́tò ara ògiri, ó wò ó títí, ó wá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín tó ń dá tọ́mọ yìí, ìgbà wo ni ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí?" Kí màmá tó rí èsì fọ̀, ó ti ń wí pé òun náà kò láya mọ́, àti pé ilé òun ti tóbi jù fún èèyàn kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

"Kí lẹ wá sọ fún un, màmá?" ni Dzigbodi bèèrè.

"Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tóbi, ọmọ mi. Ṣebí mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń fi òkèlè akoumé tí wọ́n fi àgbàdo rò jẹ ọbẹ̀ adémé tó ń yọ̀ bí ewédú, Dzigbodi gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Eyram, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti kú?"

Òkèlè dúró sí Agbéko lọ́wọ́. "Èmi? Nígbà wo?"

"Ohun tí aṣọ́bodè kan ń bèèrè lọ́wọ́ màmá nìyẹn."

Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀. Agbéko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró nígbà tó dé ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo? Kì í ṣe èyí tí o dín lánàá?"

"Òun náà ni."

"Èyí tí mo jẹ tí mo tún ní kí o bù sí i?"

"Ẹ tilẹ̀ ní kí n bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín."

Agbéko ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun kì í jowú, òun kàn yó ni. Dzigbodi kò bá a jiyàn. Ó ní màmá yóò pé ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn Kérésì, gbogbo ìdílé yóò sì péjọ láti ya fọ́tò.

"Ẹ máa wà nínú fọ́tò yẹn," ló wí. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Kì í ṣe òjìji yín nílẹ̀ o, ojú yín ni mo wí."

"Ta ló máa wá yà á?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kámẹ́rà yín mọ bí wọ́n ṣe ń dá fọ́tò yà."

Òótọ́ ni. Kámẹ́rà náà ní ohun kan tí wọ́n ń tẹ̀, á ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á sì dá ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Onífọ́tò á ti sáré lọ dúró láàárín èèyàn. Ẹlòmíì ì bá gbé kámẹ́rà fún aládùúgbò kan pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Agbéko kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan kámẹ́rà òun. Ó ní bí ọṣẹ àti kànìnkànìn ni, olúkúlùkù ló ń lo tirẹ̀. Nítorí náà, kámẹ́rà ní láti dúró lórí ẹsẹ̀. Irin ńkọ́? Ọkọ̀ kì í dé ilé Màmá Ablavi. Ìsàlẹ̀ ló ń já èèyàn sí, wọn á wá fẹsẹ̀ gun ọ̀nà oko kọfí. Bí Agbéko bá gbé irin gun ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó hán yẹn, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni aṣọ́bodè yóò sọ.

Bó ṣe di pé ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé láti ra ẹsẹ̀ kámẹ́rà tó fúyẹ́ tí kò sì wọ́n nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà fún yín. Ní Kpalimé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra nǹkan, Agbéko ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó tẹ̀ lé àwọn. Á ta ìka mọ́ ara rédíò, á tẹ́tí sí i. Á gbóòórùn bàtà. Á yí ìkòkò dé, á wo ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wá egbò. Ó ní òfin kan tó fi ń rajà: ohun tí ọlọ́jà bá ń yìn, má rà á, ohun tó bá ń bù kù, òun gan-an ni kò fẹ́ kí o rí. Òfin yìí kò tíì já a kulẹ̀ rí, nítorí pé owó ẹlòmíì ló ti ń fi í ná látẹ̀yìnwá.

Ní Dékon, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ohun èlò abánáṣiṣẹ́, ó yà ní ìsọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Akpéné. Akpéné ń jẹ koliko, ìyẹn dùndún iṣu, lọ́wọ́, ó nu ọwọ́ òróró, ó kí i, ó sì gbé sítáàndì kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Irú kámẹ́rà wo lẹ ń lò, ẹ̀gbọ́n?"

Agbéko sọ orúkọ rẹ̀.

"Ìyẹn tóbi. Èyí ló máa gbà á. Ẹ wo ìdè ẹsẹ̀ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti dè é, kì í yọ̀. Ẹ wo ìkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ so àpò yín kọ́ ọ, kò ní mì."

Agbéko gbé e. Kò tó ìdajì irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń yìn ín, ìyẹn sì burú. "Ó wúwo," ló wí.

Akpéné gbé òmíràn jáde, dúdú, tó fúyẹ́ tó sì le gírígírí. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, Agbéko rọra gbé e padà sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ tó ń sùn. Ó wá gbójú sókè, ló bá rí ìkẹta tó fi ìṣó kọ́ sára ògiri, tó ń dán bí fàdákà. Ó fi ọmọńdinrín gbé e. Ọkàn rẹ̀ fò fẹ̀rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

"Ìyẹn kọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Akpéné wí. "Fóònù ni wọ́n ń gbé lé ìyẹn. Àwọn ọmọge tó ń jó níwájú fóònù ló ń rà á."

Agbéko rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ó ti bù ú kù! "Àbúrò mi," ló wí, "èmi ti ń ya fọ́tò kí wọ́n tó mú ẹ lọ sílé ìwé."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé kámẹ́rà wà lọ́wọ́ yín? Ẹ gbé e lé e, ká jọ wò ó."

Kámẹ́rà wà nínú àpò tó fi kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n Agbéko rò ó pé bí obìnrin yìí bá rí i, á mọ̀ pé onífọ́tò gidi ni òun, á sì gbé owó lérí. "Mi ò mú un wá," ló wí.

Akpéné wo okùn kámẹ́rà tó yọ ṣọ̀rọ̀ lẹ́nu àpò. Ó wo ojú Agbéko. Ó mú koliko kan, ó jẹ ẹ́ tán kó tó dáhùn.

"Ó dáa. Mo máa tà á fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti wí o."

Agbéko ná an. Ó dín, ó tún dín, ó bọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń lọ, ó padà. Akpéné gbà fún un wéré, Agbéko sì kà á sí pé òun ti ṣẹ́gun. Ó gba àpò tí wọ́n fi ń gbé e ní ènì, ó sì kọrin nínú ọkọ̀ títí dé Kpalimé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó tì í bèèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ bímọ ni.

Nígbà tó délé, ó la ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé e, ó bọ́ sẹ́yìn láti wò ó. Ó dúró. Inú rẹ̀ dùn. Ló bá rí i tí ọrùn sítáàndì ń rọra tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tí oorun ń gbé lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí kámẹ́rà fi dojú kọ ilẹ̀. Ó gbé orí rẹ̀ sókè. Ó tún tẹ̀.

Dzigbodi ń kọjá lọ pẹ̀lú omi. "Kí ló ń wá nílẹ̀?"

"Ó ń kúnlẹ̀ kí ẹ ni," ni Agbéko wí. "Mo rà á, ó sì lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó dára jù ní gbogbo Lomé nìyẹn."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọjá tán, ó jáde lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà, ó tọrọ rọ́bà inú kẹ̀kẹ́, ó sì fi dè é lọ́rùn gbagbagba. Ọrùn náà ṣì ń tẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀. Ó lè dá a padà. Ó rò ó. Ó rò ó dé ibi tí Akpéné á ti máa jẹ koliko rẹ̀, tí á máa wo òun. Agbéko pinnu pé ó sàn kí kámẹ́rà tẹríba ju kí òun tẹríba lọ.

Ọjọ́ ìbí màmá kò, ọyẹ́ mú lórí òkè Danyi. Kóòtù ni Dzigbodi wọ̀ lé aṣọ rẹ̀. Agbéko fi sítáàndì sí abíyá bí agboòrùn, ó ń fò lọ níwájú lójú ọ̀nà oko kọfí, orúnkún rẹ̀ kò ké rárá. Ó ń bojú wẹ̀yìn, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o rí i? Ṣé o rí bí mo ṣe ń lọ?" Ká sọ tòótọ́, tó bá jẹ́ gígun òkè nìkan ni wọ́n ń fi sítáàndì ṣe, kò sí irú rẹ̀ láyé.

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá Màmá Ablavi, ọkùnrin kan jókòó sórí àga tó dára jù, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, irunmú rẹ̀ gún régé. Màmá kí wọn káàbọ̀, ó sì nawọ́ sí i.

"Ọ̀gá Tengué, ẹ wá kí ọkọ Dzigbodi."

Ọkùnrin náà dìde bí ẹni tí èèrùn jẹ. "Ọkọ... Ẹ... ẹ kú ìrìn o. Mo gbọ́ pé..."

"Wọ́n ní mo ti kú," ni Agbéko wí. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín ló jí mi. Ó dùn."

Ẹ̀rín pa gbogbo àgbàlá. Ọ̀gá Tengué nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í, ó ní òun yóò máa lọ sílé. Màmá ní kò sí ibi tó ń lọ, pé fùfú ti wà lódó.

Wọ́n tò jọ síwájú ilé: àwọn àgbà lórí àga pẹ̀lú màmá láàárín, àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ-ọmọ nílẹ̀. Ọ̀gá Tengué lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí kì í ṣe ara wọn. Dzigbodi fi àyè sílẹ̀ lápá òsì rẹ̀. Agbéko gbé kámẹ́rà lé sítáàndì, ó fún rọ́bà mọ́ ọn lọ́rùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì sáré. Ó dé ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń wo kámẹ́rà, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. Ojú gbogbo ìdílé ń bá a lọ sílẹ̀. Ó ya fọ́tò.

Wọ́n pé jọ wò ó. Ẹsẹ̀ ló yà. Bàtà Kérésì àwọn ọmọdé, sálúbàtà màmá, àti ẹsẹ̀ Agbéko gborogboro bí igi ìbẹ́pẹ.

"Àna wa," ni àbúrò màmá kan tó ń jẹ́ Bàbá Dogbé wí, "ṣé ọ̀dọ̀ aránbàtà lẹ ń gbé fọ́tò yìí lọ ni?"

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Agbéko dáhùn. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan lásìkò náà.

Ó tún rọ́bà dè. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sáré. Bí ẹni pé afẹ́fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìjì ọyẹ́ kan ṣẹ́ wá láti inú àfonífojì, ó gbá eruku pupa dìde, ó sì gbé sítáàndì nílẹ̀. Agbéko ti dé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rí i. Ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, ìkejì tẹ̀ lé e, kámẹ́rà tó fi ń bọ́ ilé sì doríkodò, ó ń lọ sórí òkúta àtẹ̀gùn. Agbéko nawọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Ọ̀gá Tengué ló fò. Bí ọkùnrin yẹn ṣe sanra tó, ó fò bí ẹni tí afàyàwọ́ fẹ́ sá mọ́ lọ́wọ́ ní bodè, ó bà sílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé kámẹ́rà kó tó kan òkúta. Aṣọ funfun rẹ̀ pupa láti àyà dé ìsàlẹ̀.

Agbéko rìn lọ síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èèyàn gbọ́. Ó gba kámẹ́rà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà náà ni ìtìjú tó mú un. Ó fẹ́ sọ pé afẹ́fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó wo aṣọ ọkùnrin náà, irọ́ náà kò sì gòkè lọ́fun rẹ̀.

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́," ló wí. "Èmi ni. Obìnrin tó tà á fún mi sọ fún mi. Ó ní fóònù ni wọ́n ń gbé lé e. Ó ní kí n gbé kámẹ́rà jáde ká wò ó, mo ní mi ò mú un wá. Ó sì wà nínú àpò léjìká mi."

"Ẹ sọ fún mi pé èyí tó dára jù ní Lomé ni!" ni Dzigbodi ké.

"Èyí tó fúyẹ́ jù ni."

"Ẹ ní ó dára jù!"

"Ó dára jù láti gbé. Kò dára láti gbé nǹkan lé."

Màmá Ablavi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga rẹ̀ mú. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó lè pa á mọ́ra mọ́. Ọ̀gá Tengué pàápàá ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, eruku ń jábọ́ lára irunmú rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá," ló wí. "Ẹ gbé e lé e padà. Màá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, màá sì fọwọ́ ti ọrùn rẹ̀ látẹ̀yìn. Ẹ lọ dúró ti ìyàwó yín."

Agbéko wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹlòmíì kò fọwọ́ kan kámẹ́rà òun rí. Ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dzigbodi. Ó gbé kámẹ́rà lé e.

"Ẹ rọra mú un o."

"Èmi tí mo mú un lófuurufú?"

Agbéko tẹ̀ ẹ́, ó sáré. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ́bodè tó ń wá aya kúnlẹ̀ sínú eruku, ó di ẹsẹ̀ mẹ́ta mú, kí ọkọ obìnrin tó wù ú lè yọjú nínú fọ́tò. Nínú èyí tó dára jù nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n yà, màmá ń rẹ́rìn-ín, ojú àwọn ọmọdé là, Dzigbodi dùn ún wò bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Agbéko lanu sílẹ̀ nítorí pé kò tíì mí tán, ojú rẹ̀ kan sì padé. Ó ní kò burú. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé òun ṣì ń mí.

Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ kámẹ́rà mú, ó sì ní kí Ọ̀gá Tengué lọ jókòó ti màmá pẹ̀lú aṣọ eruku rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹ fùfú, ọkùnrin náà sún mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀. Fọ́tò ló tàn mí."

"Èmi ni mo ya fọ́tò tó tàn yín," ni Agbéko dáhùn. Ó bu ẹran tirẹ̀ sí abọ́ ọkùnrin náà. Ó wá bèèrè irú obìnrin tí ìyàwó rẹ̀ tó ṣaláìsí jẹ́, Ọ̀gá Tengué sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, Agbéko padà sí Dékon. Ó ti múra sílẹ̀ láti gba èébú. Akpéné rí i lókèèrè, ó sọ abọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ṣé kámẹ́rà tẹ̀ lé yín wá lónìí?"

"Ó tẹ̀ lé mi."

"A dúpẹ́. Ọ̀nà jìn sí ọ̀dọ̀ yín, ó máa ń gbàgbé."

Agbéko yọ kámẹ́rà jáde níwájú gbogbo èèyàn. Ó gbé e lé sítáàndì tí Akpéné kọ́kọ́ fi hàn án, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé òpin, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ látòkè, kò yọ̀. Ó dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ òkè, ó dúró síbi tó bá gbé e sí. Ó so àpò kọ́ ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, ó ti i, kò mì. Ó gbé e lé èjìká, ó rìn dé ìsọ̀ kẹta, ó padà. Kò fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹrù tí ènìyàn lè gbé ni. Ó san owó rẹ̀ láìná an, àfi bí Akpéné ṣe fúnra rẹ̀ dín in kù, tó ní ìtìjú tí òun rí lójú rẹ̀ ti san díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ kò gba èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ padà. Ó ṣì wà nílé Agbéko, fìlà ni wọ́n ń fi kọ́ ọ. Tí fìlà bá pé méjì, á tẹríba.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Agbéko ṣe ohun kan tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ó jí láàárọ̀ kùtùkùtù, ó gbé sítáàndì tuntun, ó sì gun òkè Agou láìsí ẹni tó pè é. Kò sí ìnáwó, kò sí òkú, kò sí ìyàwó. Ó kàn fẹ́ ya ìkùukùu tó máa ń bo àfonífojì kí oòrùn tó yọ. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ó ń wò ó, òtútù ń mú un, inú rẹ̀ sì tutù. Ó sọ fún mi pé òun sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní irọ́ ni, ìrì ni.

Ó sọ̀kalẹ̀ wálé pẹ̀lú ayọ̀, ó fi fọ́tò náà han ìyàwó rẹ̀ lójú kámẹ́rà.

"Fọ́tò dà?" ni Dzigbodi bèèrè.

"Òun náà nìyẹn. Ìkùukùu ni."

"Funfun ni mo rí."

"Wò ó dáadáa. Wo igun ọ̀tún nísàlẹ̀, téńté òkè kan yọ jáde níbẹ̀. Òun ló mú kí ó lẹ́wà."

Dzigbodi gba kámẹ́rà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó títí.

"Bàbá Eyram," ló wí, "ìka yín nìyí."